Họ́ọ̀sì Tó Ń Fúnni Kì Í Gba Ọwọ́ Òsì

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi, ìwọ tí mo ti ń pè ní Ẹlẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni orúkọ náà yóò dà,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé onílé rẹ ti tún òrùlé tó ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣe, àbí o ṣì ń gbé garawa sùn bí ẹni gbé ọmọ tuntun? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyin lábẹ́ adìyẹ yóò ṣọ́ ọ. Irin kò ní já lù ọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní gbá ọ lọ́wọ́ mú, ọ̀gá rẹ kò ní rí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ jù ọ́ lọ. Àmín.

Gbogbo wa wà dáadáa nílé. Ìyá rẹ kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá èmi sọ̀rọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Àbúrò rẹ kí ọ. Ó ti ga ju ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lọ báyìí, iwájú orí rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí i láràárọ̀. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, ọ̀kan jọ ọ́, èkejì jọ alága ẹgbẹ́ wa.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi yára kọ lẹ́tà yìí nìyí. Mẹkáníìkì kan láti ilé iṣẹ́ yín, ọmọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ tó máa ń fi bírò há etí, wá síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti fi gíríìsì sí katakata wa, yóò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú ìtàn kan nípa mi. Ó ní òun gbọ́dọ̀ sọ ọ́, pé iṣẹ́ òun ni. Mo ní kò burú, kó máa lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà mi yóò ṣáájú rẹ̀. Lóòótọ́, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹjọ́ bàbá rẹ lo kọ́kọ́ gbọ́, ìyẹn kì í ṣe ìkà, ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn.

O rántí bí katakata náà ṣe di tiwa. Ìwọ lo bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù olùkọ́ àbúrò rẹ, o ní kí wọ́n má wá tuntun tí apá wọn kò ká kiri, pé àgbà kan wà nínú ọgbà ilé iṣẹ́ yín tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì le, pé ìwọ fúnra rẹ lo tú u, ìwọ náà lo tún un tò. Wọ́n gbà ọ́ gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbà ni Mo-ṣe-é-rí, awakọ̀ lọ́rì àtijọ́ yẹn, tí kò sí ohun tí ènìyàn yóò dárúkọ tí kò ní sọ pé òun ti ṣe é rí, títí kan ọjọ́ tí ìyá rẹ ń rọbí àbúrò rẹ. Ó dìde nípàdé, ó ní láti ìgbà tí òun ti ń wakọ̀, òun kò rí i kí obìnrin bá ọkùnrin yan ẹ́ńjìnnì, pé bí irin náà bá dé tí kò ṣiṣẹ́, kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé a kò ní gba ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ mọ́. Alága ní ó dára, kí a fi ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀ ṣe ọjọ́ ìdánwò. Bí katakata bá lè kó yanrìn ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ lọ dí kòtò ojú ọ̀nà, orúkọ rẹ dúró. Bí kò bá lè kó o, orúkọ rẹ ṣubú. Èmi náà dìde. Mo ní bí orúkọ ọmọ mi bá ṣubú, kí wọ́n gbé àga mi jáde, n kò ní jókòó láàárín wọn mọ́. Gbogbo wọn mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ kí n tún gbé e mì.

Ọkọ̀ akẹ́rù gbé e dé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sọ katakata kalẹ̀ níwájú ilé wa, wọ́n sọ ṣọ́bìrì ńlá iwájú rẹ̀ kalẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì na fọ́ọ̀mù sí mi. Fọ́ọ̀mù náà bi mí bóyá mo ti gba ohun gbogbo ní pípé. Mo rò ó dáadáa kí n tó dáhùn. Mo kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó gba ohun gbogbo ní pípé láyé yìí, eyín mi méjì ti lọ, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́. Ó tún béèrè iye ọdún tí ẹni tí yóò máa lò ó ti fi ṣiṣẹ́. Mo kọ mọ́kànlélọ́gọ́ta, nítorí n kò ṣe ọ̀lẹ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Awakọ̀ kà á, ó wò mí, ó rọra ká a sápò. Ọkùnrin mẹ́fà bá mi gbé ṣọ́bìrì kọ́ iwájú katakata. Họ́ọ̀sì mẹ́rin ló wà nídìí rẹ̀. Awakọ̀ bá mi so méjì tí ṣọ́bìrì fi ń da ẹrù nù, òjò ṣú, ó ní òun ń lọ, pé méjì tó fi ń gòkè sọ̀kalẹ̀ ló kù, pé o ti ṣàlàyé wọn sínú ìwé tí o fi rán òun.

Ọmọ mi, mo tẹ̀ lé ìwé rẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé n kò tẹ̀ lé e. O kọ ọ́ pé kí n pa ẹ́ńjìnnì, kó sinmi, kí n tó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì. Mo pa á, mo fi kúbùsù ìyá rẹ bò ó, mo lé àwọn adìyẹ kúrò nítòsí, mo sì ní kí àwọn tó ń ta ayò níwájú ilé rọra máa sọ̀rọ̀. Ó sinmi dáadáa. O kọ ọ́ pé eruku ni ọ̀tá ẹnu họ́ọ̀sì, kí n nù ún mọ́ tónítóní. Mo wá ohun tó lè wọ irú ihò kékeré bẹ́ẹ̀, n kò rí nǹkan kan àfi búrọ́ọ̀ṣì tí ìyá rẹ fi ń fọ eyín. Mo lò ó, mo ṣan án, mo fi í padà sí àyè rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀ ni, àfi bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tí ìyá rẹ fi í sẹ́nu, tó ní eyín òun ń yọ̀ bí ẹja. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ mi. O kọ ọ́ pé kí ẹnu họ́ọ̀sì má ṣe wà ní ìhòòhò. N kò rí ìdérí wọn, mo bá fi ìbọ̀sẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ wọ̀ wọ́n. Nígbà tí olùkọ́ bi í léèrè ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ní katakata ló wọ̀ ọ́, wọ́n sì fi ìyà jẹ ẹ́ pé ó ń parọ́.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ibi tí o ti kọ ọ́ pé bí mo bá rò pé ọ́ìlì ń jò, kí n má fọwọ́ wá a, páálí ni kí n fi wá a, nítorí ọ́ìlì tó bá ń tú jáde lójú ihò abẹ́rẹ́ lè gún awọ ara ènìyàn wọlé. Láti ọjọ́ náà, páálí kò kúrò lábẹ́ apá mi. Kò sí ohun tó ń jò tí mo lè fọwọ́ kàn mọ́ láìfi páálí ṣáájú. Òrùlé jò, mo na páálí sí i. Imú ọmọ aládùúgbò ń jò, mo na páálí sí i, ìyá rẹ̀ kò sì tíì kí mi láti ìgbà náà.

Nígbà tí mo wá ń ti họ́ọ̀sì sẹ́nu ibi tó yẹ kó wọ̀, kò wọlé. Mo fi eékún tì í, ó kọ̀. Mo-ṣe-é-rí ń kọjá, ó dúró, ó ní kí n fi òòlù lù ú, pé òun ti ṣe é rí. Mo ti gbé òòlù sókè kí n tó rántí ibì kan tí o fàlà sí lábẹ́ nínú ìwé náà, pé bí kò bá wọlé, agbára ọ́ìlì ló há sínú rẹ̀, kí n má lù ú, kí n rí i pé ẹ́ńjìnnì ti kú, kí n wá ti ọ̀pá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó síwájú sẹ́yìn kó lè mí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mí o! Ó ní fíì, bí àgbàlagbà tó jókòó lẹ́yìn ìrìn jíjìn. Mo tún họ́ọ̀sì tì, ó wọlé, ó dún kọ́. Mo ní háà, ọmọ mi wà nílùú ńlá, ó mọ ohun tó há sínú irin níwájú ilé bàbá rẹ̀. Mo-ṣe-é-rí ní òun náà mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun fẹ́ dán mi wò ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà wá nìyí. O kọ ọ́ pé họ́ọ̀sì tó ní àmì pupa ló ń gbé ọ́ìlì lọ kí ṣọ́bìrì lè gòkè, èyí tó ní àmì búlúù ló ń gbé e padà bọ̀, pé kí pupa wọ ẹnu pupa, kí búlúù wọ ẹnu búlúù. Mo wo ara katakata, ọwọ́ òsì ni ẹnu pupa wà. Mo jókòó sílẹ̀. Ọmọ mi, ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, pé kí ènìyàn máa fọwọ́ òsì fúnni ní nǹkan? Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, bí o bá fọwọ́ òsì na omi sí mi, n kì í gbà á, bí òùngbẹ tilẹ̀ fẹ́ pa mí. Mo wá sọ fún ara mi pé ìlú ńlá ti mú kí ọmọ yìí gbàgbé, tàbí pé ẹni tó kun irin náà lọ́dà kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Họ́ọ̀sì tó ń fúnni, ọ̀tún ni tirẹ̀. Èyí tó ń kó àṣẹ́kù padà lè wà lósì. Olùkọ́ ní kí a kọ́kọ́ wo àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sí fóònù òun. Mo wò ó, họ́ọ̀sì inú fóònù tín-ín-rín bí okùn bàtà, mo ní tiwa kọ́ nìyí. Ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó sì tóbi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, kó má fà á ya, nítorí n kò mọ ohun tí ìyẹn lè ṣe fún tiwa tó wà níta. Mo bọ́ sóde, mo fi pupa sí ọ̀tún, mo fi búlúù sí òsì, mo nu ọwọ́ mi, mo sì dárí jì ọ́.

Mo tan ẹ́ńjìnnì. O ní bí mo bá fa ọ̀pá sẹ́yìn, ṣọ́bìrì yóò gòkè. Mo fà á, ṣọ́bìrì tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, iwájú katakata sì fẹ́ máa dìde. Mo yára tì í síwájú, ṣọ́bìrì gòkè. Mo rẹ́rìn-ín. Alágídí ni! Mo mọ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ kò yàtọ̀, bí o bá fà á síwájú, ẹ̀yìn ni yóò lọ. Ìwọ náà nìyẹn ní kékeré, mo ní má tú rédíò mi, o sì tú u. Alágídí kì í ṣe ẹni burúkú, ìdàkejì ohun tí o fẹ́ ni kí o máa sọ fún un. Wíwà rẹ̀ kò ṣòro fún mi, mo ti wa ti ọ̀gá mi àtijọ́ lóko rẹ̀ nígbà èwe mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn kò ní ṣọ́bìrì. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń kọ́ bí a ṣe ń tì í kó lè gòkè, títí ọwọ́ mi fi gbàgbé ọ̀nà kejì.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbogbo ẹgbẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n kó jáde láti ilé ẹ̀kọ́, alága wà láàárín. Mo ti gun orí katakata pẹ̀lú páálí mi nígbà tí Mo-ṣe-é-rí dìde, tó ní irú ìdánwò wo nìyí, ṣé bàbá ọmọ ló ń ṣe ìdánwò fún ọmọ ni? Ó ní kí n bọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó mọ ọkọ̀ jókòó. Alága ní ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Mo bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ìkà, mo sún mọ́ ọn, mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé alágídí ni irin yìí, pé bó bá fẹ́ kó gòkè, kó sọ fún un pé kó sọ̀kalẹ̀. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí òun ń wa lọ́rì, kẹ̀kẹ́ ni mò ń tì. Òótọ́ ni, kẹ̀kẹ́ náà kò tilẹ̀ ní ìjókòó. Mo lọ jókòó, n kò sì ní parọ́ fún ọ, bí mo ṣe jókòó yẹn, inú mi ti ń dùn díẹ̀díẹ̀.

Ó wà á dé ẹsẹ̀ yanrìn, ó bojú wẹ̀yìn wò wá kó lè rí i pé a ń wo òun, ó sì fa ọ̀pá sẹ́yìn. Ṣọ́bìrì tẹ ilẹ̀. Ó tún fà á. Iwájú katakata kúrò nílẹ̀, táyà méjèèjì ń gbọ̀n lófuurufú, Mo-ṣe-é-rí sì ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń ka ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù, òun ti ṣe é rí. Ó tún fà á sí i. Nígbà tó dé ibi tí kò tíì ṣe é rí, ó fò sílẹ̀, fìlà rẹ̀ kù sórí ìjókòó, ó sì gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ lọ. Alága gun bẹ́ǹṣì. Akọ̀wé fi ìwé ẹgbẹ́ bo orí. Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn mi pé ẹ ò rí i, irin tí obìnrin yàn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde. Ìyá rẹ di aṣọ mi mú, ṣùgbọ́n nítorí pé kò bá mi sọ̀rọ̀, kò lè sọ pé kí n má lọ, mo sì lọ. Mo gun orí rẹ̀, mo ti ọ̀pá síwájú díẹ̀díẹ̀. Iwájú rẹ̀ balẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Mo tún tì í, ṣọ́bìrì gòkè. Ìgbà mọ́kànlá ni mo kó yanrìn, mo dí kòtò náà títí tó fi dọ́gba, mo fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tẹ̀ ẹ́, mo wà á padà, mo pa á, mo sì fi kúbùsù bò ó lójú gbogbo wọn.

Alága sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó bi mí ta ló kọ́ mi. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ dúró, pé ìwọ náà ni yóò yan èyí tí a ó fi máa túlẹ̀ fún wa, àti pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí irin náà mọ́ àfi èmi, nítorí èmi ló mọ̀. Mo-ṣe-é-rí padà wá gba fìlà rẹ̀, ó ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kí n lè níyì ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí àbúrò rẹ sọ fún mi pé mo ṣe dáadáa.

Ohun tó kù ni ohun tí ọmọkùnrin oníbírò yẹn ń gbé bọ̀. Ó kúnlẹ̀ nídìí họ́ọ̀sì, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ wọn, ó wò ó, ó jókòó sórí táyà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní Bàbá, ẹ ti pa họ́ọ̀sì méjèèjì dà, pé irin náà kì í ṣe alágídí, ohun tí mo so ó fún ló ń ṣe. Ó dùn mí, nítorí mo ti ń sọ̀rọ̀ irin náà lẹ́yìn káàkiri ìlú. Mo bi í bóyá ó ń bà á jẹ́. Ó ní kò ba irin jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe, tàbí ẹlòmíràn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mo sì ti rí ẹ̀rí rẹ̀ lójú Mo-ṣe-é-rí. Láti ọjọ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wà lókùn ṣòkòtò mi tọ̀sán-tòru, mo sì ti kọ ÌDÀKEJÌ gàdàgbà sára páálí mi, mo fi kọ́ ọ̀pá náà. Ó ní ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe. Ó fẹ́ yọ wọ́n, mo jókòó lé họ́ọ̀sì. Mo ní ọwọ́ tó kọ ìwé ni yóò tún un ṣe, kì í ṣe ọwọ́ mìíràn.

Iṣẹ́ tí kò tó kí omi hó ni. Pa á, jẹ́ kó mí, yọ méjèèjì, pa wọ́n dà. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe, n kò kàn ní í ṣe é ni. Ọdún kejì rèé tí o ti ń sọ pé o ń bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kan, iṣẹ́ náà sì ń bímọ bí ewúrẹ́ rẹ. Bó bá jẹ́ ewu ni lóòótọ́, ewu kì í ṣe ohun tí à ń fi lẹ́tà yanjú, dìde kí o máa bọ̀. Rédíò tí o tú lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí mo tìtorí rẹ̀ nà ọ́, ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kò sí nọ́ọ̀tì kan tó sọnù nínú rẹ̀. O sunkún lọ́jọ́ náà pé yóò sọ̀rọ̀ bí mo bá jẹ́ kí o parí rẹ̀. Èmi ni n kò jẹ́ kí o parí rẹ̀. Wá parí rẹ̀.

Bí o kò bá lè tètè wá, fi owó ránṣẹ́. Owó búrọ́ọ̀ṣì fún ìyá rẹ, kó jẹ́ èyí tó le díẹ̀, a kò mọ̀la. Owó ìbọ̀sẹ̀ fún àbúrò rẹ. Àti owó agolo ọ̀dà kékeré méjì, pupa kan, búlúù kan. Ẹnu ibi tí họ́ọ̀sì ń wọ̀ ni mo fẹ́ fi kùn, kí pupa lè wà lọ́tùn-ún, kí oníbírò má rí ohun tí yóò sọ mọ́ nígbà tó bá padà wá. Má sọ fún ọ̀gá rẹ. Olùkọ́ ní owó lè gba inú fóònù òun wọlé. Mo ní kó fi ẹnu tí yóò gbà hàn mí, kò rí i fi hàn. Owó tí kò sí họ́ọ̀sì tó ń gbé e bọ̀, n kò fọkàn tán an. Èyí tó dára jù ni kí o fọwọ́ ara rẹ gbé e wá. Ọ̀tún o.

Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ máa dúró níbi tí o kò sí. Ibi tó bá há mọ́ ọ, wàá rí ẹni tí yóò jẹ́ kí o mí. Ẹni tó bá sì jókòó níbikíbi tó ń fà ọ́ sílẹ̀, kó máa fà ọ́ lọ, òkè ni wàá máa lọ, bíi katakata wa.

Èmi ni bàbá rẹ, awakọ̀ ẹgbẹ́.